Ta Ni Ràńdọ́nẹ́?

Ọyẹ́ ti dé, a ó tún máa rí wọn. Bó bá ti di Sátidé, ọkọ̀ á dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣábẹ, àwọn ọmọ Kùtọnù á sì máa bọ́ọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ogun: bàtà tó nípọn bíi ti sójà, igò omi mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá irin lọ́wọ́ méjèèjì. Kìlómítà bí 250 ni wọ́n fi ìdí rìn, èyí tó kù ni wọ́n wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn.

Randonnée ni wọ́n ń pè é. Ìyá kan tó ń dín àkàrà nísàlẹ̀ òkè bi mí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ta tilẹ̀ ni Ràńdọ́nẹ́ tí wọ́n ń wá kiri yìí? Ṣé ó jẹ wọ́n lówó ni?”

“Rárá o, Ìyá. Ìrìn ni.”

“Ìrìn lọ síbo?”

“Ìrìn ṣáá.”

Ó wò mí títí, ó yí àkàrà rẹ̀ padà. “Wọn ò níṣẹ́ nílé ni?”

Àwọn Faransé rí àwọn àpáta wa, ọyàn ló wá sí wọn lọ́kàn, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Mamelles. (Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.) Nígbà tí ogun Dàhòmì ń lé àwọn baba wa, orí òkè wọ̀nyí ni wọ́n sá sí kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Ibẹ̀ náà ni àwọn tiwa yìí ń gbé fóònù sókè sí, tí wọ́n ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí gbogbo ayé lè rí wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dúró létí àpáta, ó na apá méjèèjì, ó dijú bí ẹni tó ń ríran. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Nígbà kejìlá, ìyá àgbà kan yọ lẹ́yìn rẹ̀ láti òkè, ẹrù igi lórí, bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ìṣó kan okùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o.” Ẹni tó ń ya fọ́tò dáhùn pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀, ẹ ń ba òkè náà jẹ́.”

Iyán wa ń gbóná nísàlẹ̀, búrẹ́dì tí wọ́n gbé wá láti Kùtọnù ni wọ́n ń jẹ.

Kí n má purọ́ ṣá, ilé wa náà ń jẹ níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di afinimọ̀nà, fráńkì 2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ihò kan wà lókè tó ń fi hàn wọ́n. Lóṣù tó kọjá, ó ní ọba kan sùn níbẹ̀ fún ọdún 7. Lọ́sẹ̀ yìí, ó ti di ọdún 16. Mo pè é sẹ́yìn, mo ní ọba wo?

“Bàbá, bí owó wọn bá ṣe pọ̀ tó ni oorun ọba ṣe ń pọ̀.”

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ó fẹ́ kí n wá jókòó sẹ́nu ihò náà, kí n dé fìlà, kí n má sọ̀rọ̀. Ó ní òun á fún mi ní fráńkì 500.

Mo ní kò gbà, 1,000 ni.