Tútù La Ti Ń Ká Ẹja

"Tútù la ti ń ká ẹja; bó bá gbẹ tán, ṣe ni yóò kán." Òwe yìí kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bí ọmọ bá ṣìwà hù tí ìyá rẹ̀ ń bá a wí, àgbà tó bá ń kọjá lọ á pa òwe náà láti fi gbè é lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni pàṣán sì ti wà lọ́wọ́ kí òwe tó jáde lẹ́nu. Àwa tí a ń fi òwe yìí gbé pàṣán ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ bí wọ́n ṣe ń ká ẹja.

Ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú etí omi, lápá Ìwòpin tàbí Mákùn-Omi, kí ẹ wo àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Wọ́n á kọ́kọ́ fi iyọ̀ fọ àrọ̀ títí yíyọ̀ ara rẹ̀ yóò fi tán, nítorí ẹja tó bá ń yọ̀ kò ṣeé dì mú. Wọ́n á wá di orí rẹ̀ mú, wọ́n á fa ìrù yí wá bá ẹnu, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi gbà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi gún orí àti ìrù pọ̀ kó má baà nà padà, kí wọ́n tó tò ó sórí ààrò, lókè iná tí kò jó fòfò. Ẹni tó bá fi agbára fà á, ara ẹja á ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí èéfín ti gbẹ ẹ́, á kán an sí méjì. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń na ẹja kó tó ká. Ọwọ́ ló ń ká a, ọwọ́ tó fara balẹ̀, tó sì tètè dé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n mú ọmọ wọn lọ fi ìwọ̀ pẹja, nígbà tí ọmọ náà ṣì ń fẹ́ bá wọn jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó àti Ìbàdàn ló ń wálé ṣe Iléyá, tí wọ́n á sì dúró di ọjọ́ kẹta kí wọ́n lè wo Ojúde Ọba. Bí ẹṣin bá ti sá tán, tí àwọn ẹgbẹ́ ti fi aṣọ yangàn tán, àwọn ọmọ á wọ yàrá lọ tẹ fóònù, àwọn àgbà á padà sídìí ẹran. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sà wà nílẹ̀ wa. Ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí Abìgì jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni. Ẹni tó bá tètè jáde láàárọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde á lọ, á sì padà nírọ̀lẹ́. Ọmọ tó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ láti kékeré, tó sì jẹ́ òkú Èkó inú fírísà nìkan ló mọ̀ ní ẹja, ó yẹ kó rí ẹja tó ń jà lójú omi.

Kí ìwọ̀ tó kan omi, ẹ wá àwọn tó mọ omi. Ẹni a bá lábà ni baba. Bó ti wù kí mọ́tò yín tóbi tó, bó ti wù kí oyè yín ga tó nílé, apẹja tí ẹ bá ní bèbè ni ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe Ìjẹ̀bú, ì báà ṣe Ìlàjẹ. Kí ọmọkùnrin yín dọ̀bálẹ̀, kí ọmọbìnrin yín kúnlẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀kọ́ la wá kọ́ lọ́dọ̀ yín." Ẹ bèèrè ibi tí èèwọ̀ wà, àti ọjọ́ tí wọn kì í débẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ má sì ná an títí yóò fi sú u, torí ẹja tí kò lè pa lọ́jọ́ náà nítorí yín, oúnjẹ ilé rẹ̀ ni. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó ga jù ni ọmọ ti kọ́ yẹn kó tó fọwọ́ kan ọ̀pá: ó rí bàbá rẹ̀ tó tẹrí ba fún ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ìwọ̀ kékeré ló yẹ ẹpìyà, nítorí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀. Ekòló dára fún ìjẹ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù ni kí ẹ ti wà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà á fúnra rẹ̀, kó sì fi í sẹ́nu ìwọ̀ fúnra rẹ̀, kí ojú yín ṣáà wà lára ẹnu ìwọ̀ náà. Apẹja á fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ju okùn sí ẹ̀gbẹ́ ojú oró, níbi tí ẹja ń sá oòrùn sí. Okùn á kọ́ igi. Okùn á lọ́ mọ́ra. Ibí yìí gan-an ni òwe ti ń dán òbí wò. Bàbá tí kò ní sùúrù á já ọ̀pá gbà: "Mú un wá, jẹ́ n bá ẹ jù ú." Ó jù ú, ó balẹ̀ dáadáa, ọmọ bá di òǹwòran. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹja mẹ́wàá bá tilẹ̀ gbé ìwọ̀, ẹja bàbá ni wọ́n. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ẹ jẹ́ kó tún un jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ọwọ́ yín lé tirẹ̀ lórí ọ̀pá, ẹ jọ jù ú, kí ẹ wá yọ ọwọ́ yín. Ìyọwọ́ yẹn ló le jù fún wa, pàápàá àwa tí a fẹ́ràn kí nǹkan wa gún régé lójú gbogbo ayé.

Ẹ má ṣèlérí ẹja púpọ̀ fún un. Bí Iléyá bá bọ́ sí àárín òjò, bó ti ṣe bọ́ sí oṣù Òkúdù ọdún 2025, omi á ti kún wọgbó, ẹja á sì fọ́n ká. Ọmọ lè fajú ro. "Odò kì í kún kó bo ẹja lójú": àwọn àgbà ń fi òwe yìí gba ẹni tí wàhálà bò níyànjú, ó sì dára fún ọmọ tó jókòó ti omi títí tí kò rí nǹkan. Ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Lásìkò ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ojú òbí kò sí lára ọmọ, tó jẹ́ omi ni àwọn méjèèjì ń wò, ọmọ máa ń sọ ohun tí wọ́n ti bi í léèrè nílé títí tí kò dáhùn.

Àgbà tí kò pẹja rí lè ní òun ti gbẹ, kí wọ́n má wulẹ̀ ká òun. N kò gbà. Ẹ gba ìwọ̀ tiyín, kí apẹja kọ́ yín níṣojú ọmọ yín, kí ọmọ rí i pé àgbà náà ń jù, ó ń tàsé, ó sì ń bèèrè.

Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó ni kí gbogbo yín wọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó láyà jù. Kí ẹnikẹ́ni má dìde dúró nínú ọkọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn orí rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí apẹja ló kọ́kọ́ dì í mú.

Ẹpìyà kan sì wà nínú àwọn ọ̀sà etí òkun wa tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Bí abo bá yé ẹyin tán, akọ ló ń kó wọn sẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ sì ń gbé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tirẹ̀ á sì dín kù gidigidi. Bí ọmọ yín bá fa irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹyin lẹ́nu, ẹ fi hàn án, ẹ ṣàlàyé fún un, kí ó dá a padà sómi kíákíá. Kó dá àwọn kéékèèké padà pẹ̀lú.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ gba nọ́ńbà apẹja náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà kúrò nínú igbó, ẹja máa ń kó jọ sójú kan, ọwọ́ ọmọ á sì tètè bà á. Ẹ ní kó pè yín bí omi bá ti fà.