Kóńgò Àmì-Òróró

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ọlọ́run ṣe lókìkí tó lọ́jà wa, kó débẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wà lórí ìjókòó, ẹgbẹ́ ti dáwó àdúrà. Lọ́sẹ̀ yìí, pásítọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan ààfáà. Ẹnikẹ́ni ò jà sí i, torí ohun kan náà ni tọ̀tún-tòsì ń tọrọ: kí oníbàárà ya wọlé bí omi, kó má sì ya sọ́dọ̀ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹni. Tí wọ́n bá ti pariwo "àmín" tán, ìgò òróró ólífì kékeré á jáde. Wọ́n á kán an sójú ìlẹ̀kùn, wọ́n á kán an sí báàgì owó, wọ́n á sì fi èyí tó ṣẹ́kù níka pa kóńgò lára.

Ẹ jẹ́ ká gbé kóńgò yẹn wò. Ìdí rẹ̀ ti wọnú. Kò ṣèèṣì wọnú o. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á fi pátákó pẹlẹbẹ lé e nídìí, wọ́n á máa fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ yíká, títí yóò fi sọ̀ wọnú ní ìwọ̀n ìka kan. Ẹni tó bá kánjú, tó lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí agolo á ya, ìrẹsì á sì máa jò níṣojú oníbàárà. Àwọn ọ̀lẹ ní tiwọn, páálí ni wọ́n ń gé róbótó tẹ́ sínú rẹ̀. Aburú tìyẹn ni pé tómi bá ti kàn án, á wú, á bá ẹ̀wà bọ́ sínú ọ̀rá oníbàárà. Kò sí àdúrà tó lè ṣàlàyé páálí.

Ká ní kóńgò náà ga ní ìka mẹ́jọ. Ìka kan tó wọnú yẹn ti kó ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Àpò ìrẹsì tó máa gbé kóńgò 35 lọ́wọ́ ẹni tí kò lu ìdí tirẹ̀, 40 ni yóò gbé níbí. Tó bá di Sọ́ńdè, ẹlẹ́rìí á bọ́ síwájú pẹ̀lú gèlè tó ga ju ìrẹsì lọ: "Ẹ bá mi yin Olúwa! Mo ra 35, mo ta 40! Ọlọ́run bù sí i!" Ìlù á dún, ìjọ á jó. Òùngbẹ irú iṣẹ́ ìyanu báyìí ń gbẹ ará ìjọ, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ohun tí òòlù mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìdámẹ́wàá kì í sì í yẹ̀. Nínú kóńgò márùn-ún tó lé, ààbọ̀ kóńgò jẹ́ ti Ọlọ́run, wọ́n fi owó rẹ̀ sínú àpòòwé, wọ́n kọ orúkọ sí i gàdàgbà. Wọn ò jẹ Ọlọ́run ní kọ́bọ̀. Ìyá tó ra ìrẹsì fún ọmọ mẹ́rin ni wọ́n jẹ, ìyẹn ò sì sí nínú ètò ìsìn. Ní Mátíù 23, Jésù bá àwọn Farisí wí lórí irú ìṣirò yìí, pé wọ́n ń san ìdámẹ́wàá ewé míńtì, wọ́n gbàgbé òdodo àti àánú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fáwọn Farisí ṣá: míńtì tiwọn, tiwọn ni.

Kójú má baà tini, èènì wà. Ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á bù ú sókè dáadáa kí gbogbo ọjà lè rí i, wọ́n á dà á lé òkìtì orí kóńgò. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín: "Ọlọ́run á bù sí i fún yín o." "Àmín, tiyín náà á dára." Wọ́n mú bí ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta nísàlẹ̀, wọ́n dá ọ̀kan padà lókè, wọ́n sì tún gba àdúrà lé e.

Ọ̀jáfáfá ní tirẹ̀ máa ń ní kóńgò méjì. Èyí tó fi ń ra gàárì lọ́wọ́ ará oko tóbi. Tó bá dà á sí i, á mì í, á fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, gàárì á sọ̀ kalẹ̀, á tún bù sí i. Èyí tó fi ń tà, kì í mì í rárá. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń dà á kí atẹ́gùn lè ráyè jókòó láàárín, a sì ń sanwó atẹ́gùn. Àfi bíi pé Súrà 83 ti dúró lẹ́bàá ìsọ̀ rẹ̀ rí: ègbé ni fún àwọn tó jẹ́ pé, tí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n á gbà á kún, tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n fún ènìyàn, wọ́n á dín in. Deutarónómì 25 náà ní kéèyàn má ṣe ní òṣùwọ̀n méjì nílé, ńlá àti kékeré. Àmọ́ ta ló máa ka ìyẹn sínú gbohùngbohùn láàárọ̀ Mọ́ńdè? Àbí ó ti rí owó àdúrà tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ná?

Alhaji tó wà lápá kejì, ìrun kan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Méjì ní Àsùbáà, mẹ́rin ní Àìlà, mẹ́rin ní Àlàásárì, mẹ́ta ní Màgáríbì, mẹ́rin ní Ìṣáì: ìgbà 17 lójúmọ́ ló ń ka Fátíà, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi òun mọ ọ̀nà tààrà. Láàárín Àìlà àti Àlàásárì, á lọ da omi sí ẹ̀wà kó lè wúwo. Ó mọ hádíìsì yẹn náà, ibi tí Ànábì ti tọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ lọ́jà, tó bá a pé abẹ́ rẹ̀ tutù, tó sì ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ ni pé kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tọwọ́ bọ àpò òun mọ́.

Gbèsè ńkọ́? Gbèsè gan-an ni Bíbélì Yorùbá kọ sínú àdúrà tó wà ní Mátíù 6: "Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa." Wọ́n á kà á lákàtúnkà láago méje. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ọlọ́pàá ti ń wá ẹni tó rajà láwìn.

Kí oníṣẹ̀ṣe má rẹ́rìn-ín jù. Ní 20 oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, aṣọ funfun á gbòde, ìdè á kún ọrùn ọwọ́. Wọ́n á ki odù Ifá tó ń jẹ́ Ìká Òfún ketekete lórí fídíò: àwọn àgbà ń lọ sÍfẹ̀ lọ tọrọ ogbó, wọ́n ní kí wọ́n má fi àìmọ̀wẹ̀ bá wọn dé odò, kí wọ́n má gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. Wọn ò pa á mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní ọwọ́ òun kọ́. Bí fídíò ṣe tán, nọ́ńbà àkáǹtì yọ: ọṣẹ àwúre, ọjọ́ mẹ́ta péré, ọjà á máa yá. Ẹni tí ọjà tirẹ̀ ò yá ló ń ta ìtajà fáyé.

Àyẹ̀wò kóńgò ò gba aríran. Ẹ ti rúlà bọ inú rẹ̀ kó kan ìdí, ẹ wo ibi tí ẹnu kóńgò bá a dé; ẹ wá fi rúlà kan náà wọn ẹ̀yìn láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá ju nínípọn irin lọ, òun ni ẹ̀rí ọjọ́ Sọ́ńdè. Bí kò bá sí rúlà, ẹ gbé kóńgò tiyín láti ilé wá. Ìyẹn gan-an ló ń bí wọn nínú. Ìyá oníìrẹsì á wò ó, á wo ẹni tó gbé e wá, á wá rọra fìka nu òróró tó ń dán létí tirẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé tiyín kúrò nídìí ọjà mi. Èmi ò mọ ohun tó bá a wá. Tèmi, wọ́n ti gbàdúrà sí i."