Ta ló sọ fún yín pé London ò ní wolé-wolé rí?

Bí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí bá ti délẹ̀ láàárín wa, ẹnìkan á ṣáà sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, ó sì tún jáde lórí WhatsApp ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá: “Àwa aláwọ̀ dúdú ni Òyìnbó dá wolé-wolé sílẹ̀ fún. Nílùú tiwọn, inú ẹ̀jẹ̀ ni ìmọ́tótó wà.” Àwọn kan ń fi tẹ́ ara wa, àwọn kan ń fi bú Òyìnbó. Tọ̀tún tòsì wọn ló ṣì í mú.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ìyá bàbá mi kì í dárúkọ wolé-wolé láì pòṣé. Wọ́n ní bí aṣọ kakí bá ti yọ ní ìkòríta báyìí, gbogbo agbo ilé á dìde, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹni tó ń sáré da omi ìdọ̀tí nù ń sáré. Ọkùnrin náà á wọlé, á ṣí ìdérí àmù, á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bó bá rí tanwíji kan ṣoṣo tó ń jó nínú omi, ó di kóòtù nìyẹn. Omi tí wọ́n rù láti odò láàárọ̀, ó lè ní kí wọ́n dà á nù lójú ara wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, “wo” ni o, kì í ṣe “wọ”. Ẹni tó ń wo ilé ni. Ti pé ó tún ń wọ̀ ọ́ láì kan ilẹ̀kùn, ìyẹn tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.)

Àmọ́ Òyìnbó ti fi iṣẹ́ yìí jẹ ara wọn níyà kó tó kàn wá. Onígbáméjì ló kọ́kọ́ là wọ́n lójú. Liverpool yan William Duncan ṣe dókítà ìlú ní 1847, òfin ìlera gbogbogbòò wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 1848. Nígbà tó di 1858, odò Thames ń rùn débi pé aṣọ tí wọ́n rì sínú oògùn apòórùn ni wọ́n fi bo fèrèsé ilé àwọn aṣòfin.

Ẹ lè ní ìyẹn ti pẹ́ jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ẹ̀yìn ogun Hitler, ìgbà tí àwọn bàbá wa ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kàwé níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Tottenham, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra èlùbọ́ lónìí. Nígbà náà, ìlú ọ̀tọ̀ ni, ó ní káńsù tirẹ̀ lábẹ́ Middlesex, létí London. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á pọ̀ mọ́ Hornsey àti Wood Green, tí wọ́n pè é ní Haringey.

Ìkànìyàn ọdún 1951 bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ìdílé ní Bìrìtìkó bóyá wọ́n ní ibi ìwẹ̀ nínú ilé. Nínú ìdílé 100, 37 ni kò ní. Báwo ni wọ́n ṣe ń wẹ̀? Ọpọ́n páànù wà lára ìṣó ní ẹ̀yìnkùlé. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ ìwẹ̀, wọ́n á gbé e wá síwájú iná, wọ́n á bu omi gbígbóná sí i, olúkúlùkù á wẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, nínú omi kan náà. Ìyá bàbá mi ì bá gbọ́, wọn ì bá pòṣé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé náà ni ilé ìgbẹ́ wà, nínú òtútù. Níléèwé, nọ́ọ̀sì ń tú orí àwọn ọmọ wò láti wá iná orí.

Ta ló wá ń bá wọn ṣọ́ gbogbo rẹ̀? Wolé-wolé ni. Orúkọ tó ń jẹ́ ní Lagos ló ń jẹ́ ní Tottenham, “sanitary inspector”; ọdún 1956 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà sí “public health inspector”. Òun ló ń kanlẹ̀kùn, táá fọwọ́ pa ògiri wò bóyá ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fura pé páìpù ìdọ̀tí ti là, á da omi aláró sínú ilé ìgbẹ́, á wá lọ dúró síta kó lè rí ibi tí àró náà máa gbà yọ. Ó ń wá eku, torí òfin eku jáde ní 1949. Ó ń yẹ ẹran wò, ó ń wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì.

Bó bá sì jẹ́ pé ìmọ́tótó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni òfin oúnjẹ ọdún 1955 ń wá tó fi ní kí ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ má tutọ́, kó má sì mu sìgá lẹ́nu iṣẹ́? Òfin náà ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilé ìgbẹ́ pé kí èèyàn fọwọ́ kó tó padà sídìí oúnjẹ. A kì í ṣòfin nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Áísìkiriìmù nìkan gba òfin tirẹ̀ ní 1947, pé ó gbọ́dọ̀ rí iná kí wọ́n tó mú un dì, torí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti bá áísìkiriìmù dé Aberystwyth, ìlú kan ní Wales, lọ́dún tó ṣáájú.

Káńsù Tottenham tilẹ̀ gbayì nínú ọ̀rọ̀ àjẹkù. Nígbà ogun àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé garawa sójú pópó, ará àdúgbò ń da èèpo ànàmọ́ àti àjẹkù oúnjẹ sí i. Káńsù á kó o, á sè é títí á fi ki, á tà á fún àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀. Ayaba Mary wá wò ó, òun ni wọ́n ní ó sọ ọ́ ní “Tottenham Pudding”. Púdìǹ, ẹ gbọ́! Oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 1952 ló já irọ́ náà pátápátá. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9, afẹ́fẹ́ dákẹ́ lọ gbári, òtútù mú, èéfín kò ríbi gbà lọ. Ó bo London àtàwọn ìlú etí rẹ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iná lọ́wọ́, ó ń rìn níwájú bọ́ọ̀sì kí dẹ́rẹ́bà lè mọ ibi tí ọ̀nà wà. Ìjọba ní èèyàn bí 4,000 ló kú. Àwọn tó tún un ṣírò lẹ́yìn náà ní ó lè tó 12,000. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi á ní èéfín ilé iṣẹ́ ńlá ni. Ilé iṣẹ́ àti ilé mànàmáná dá sí i lóòótọ́. Àmọ́ ààrò pálọ̀ ńkọ́? Ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, gbogbo wọn ló ń fi èédú yáná, èéfín wọn kò sì ga kọjá òrùlé púpọ̀ kó tó padà sọ̀ sí imú wọn. Èédú tó dáa, ìjọba ń tà á sókè òkun torí gbèsè ogun. Wẹ́wẹ́ eléruku ni wọ́n ń tà fáwọn aráàlú.

Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1956. Káńsù lè wá kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rú èéfín ní àdúgbò kan mọ́. Ta ni wọ́n rán láti ilé dé ilé lọ ka ààrò? Wolé-wolé náà ni. Ibi tó wá dùn mí nìyí: ẹni tí wọ́n ní kó pààrọ̀ ààrò rẹ̀, tó bá ná pọ́n-ùn mẹ́wàá lórí iṣẹ́ tó yẹ, méje á padà sọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ káńsù.

Ohun tó yàtọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Lábẹ́ òfin wọn ti 1936, wolé-wolé kò lè fi agídí wọ ilé ẹni tó ń gbé níbẹ̀ láì kọ́kọ́ fún un ní wákàtí 24. Bí òrùlé bá ń jò, onílé ni wọ́n ń kọ̀wé sí, bó bá ṣorí kunkun, adájọ́ ń dúró dè é. Ìyá bàbá mi ńkọ́? Kò sí ẹ̀rọ omi ládùúgbò wọn, wọ́n sì ń bù wọ́n ní owó ìtanràn torí pé wọ́n tọ́jú omi sínú àmù.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú àwọn wolé-wolé tiwa. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di dókítà ìlú fún Lagos, bá àjàkálẹ̀ àrùn eku (“plague”) jà gan-an ni. Ìwé ẹ̀rí Royal Sanitary Institute ti London sì ni púpọ̀ nínú àwọn wolé-wolé wa ń jókòó ṣèdánwò fún. Iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ̀rọ omi ni kò bá ìwé ẹ̀rí náà wọkọ̀ wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, mo fi fọ́tò kan sórí WhatsApp ẹbí: àkọlé inú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ní London, “Spitting Prohibited”. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi dáhùn. Wọ́n ní, “Danfó wo nìyí? Ṣé ti Ọ̀ṣòdì ni?”