Ẹ fi oúnjẹ àwọn àgbà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kánsù

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi ní Yàgbà, Ìjùmú, Kàbbà, Bùnú àti Mọ̀pà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa máa ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, owó tó ní orúkọ tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, láti fi bọ́ àwọn àgbàlagbà wa, kí wọ́n sì fi tọ́jú wọn.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò sọ: ọmọ ló yẹ kó bọ́ òbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àmọ́ ẹ wo ọmọ náà dáadáa. Àbújá ló wà, tàbí Èkó. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ibẹ̀ ni owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó iléèwé ti máa jáde. Kí ló kù tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé? Àwọn àgbà mìíràn ò sì rí ọmọ bí, àwọn mìíràn ti fọwọ́ ara wọn sin ọmọ.

Àwọn baba wa ní ìyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ta ló fẹ́ gún ìyán fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń dá gbé? Kódà bí iṣu bá wà nílé, apá ò gbé ọmọ odó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gàárì ṣe di oúnjẹ àárọ̀, tó tún di talẹ́. Gàárì ń yó ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni ara arúgbó nílò, torí bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni iṣan ń joro. Ẹ wá fi ti oògùn kún un. Ẹni tó bá lo àwọn oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé á dákú. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé bí oúnjẹ ò bá tó, ọmọ-ọmọ ni ìyá àgbà máa gbé e fún. Á ní ebi ò pa òun.

Oko tí wọ́n fi ń bọ́ ara wọn tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lọ mọ́. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn ń tajà lọ́jà. Wọn ò níwèé ìfẹ̀yìntì kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Abala 16 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé kí ìjọba rí sí i pé oúnjẹ tó tó àti ìtọ́jú ọjọ́ ogbó wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Abala 6 sì wá sọ pé èèyàn ò lè torí ìyẹn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Òfin kan wà láti 2017 tó dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, àmọ́ Àbújá ló wà, Àbújá sì jìnnà sí Ìsánlú.

Àwọn Èkìtì tí a jọ pààlà ti gbìyànjú rẹ̀. Ní 2011, lábẹ́ Gómìnà Fáyẹmí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù, ètò Oúnjẹ Arúgbó náà sì wà níbẹ̀. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà sì dáwọ́ dúró. Ìdí rèé tí n kò fi fẹ́ ìlérí gómìnà kankan, tàbí ìrẹsì tí wọ́n ń pín nígbà ìbò. Inú òfin ni kó wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn àgbàlagbà ti 1965 ni wọ́n fi ètò oúnjẹ kún ní 1972: ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún lè wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun ní gbọ̀ngàn, ẹni tí kò lè jáde, wọ́n á gbé tirẹ̀ lọ bá a nílé.

A mọ bí a ṣe lè ṣe é. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọmọ iléèwé ní 2016, àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti máa sè é. Kí wọ́n máa se ti àwọn àgbà náà: mọ́ínmọ́ín, ìyán, ọbẹ̀ tó lẹ́ja, ní gbọ̀ngàn ìlú, kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Kí ọlọ́kadà gbé ti ẹni tí kò lè rìn lọ fún un. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ni kí wọ́n ti máa ra iṣu àti ẹ̀wà náà.

Lórí owó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, kí wọ́n tó buwọ́ lu bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, ẹ pe alága kánsù àti káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n ka ibi tí owó àwọn àgbà wà fún yín, àti iye tí wọ́n kọ síbẹ̀.