Kì í ṣe àdúrà ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kan gbá góòlù wọlé, ó kúnlẹ̀, ó nàka sókè. Kò tíì dìde tí ẹ̀gbọ́n kan fi ti fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp: "Ẹ wá wo agbára àdúrà o! Ẹni tó mọ Ọlọ́run kì í pòfo." Mo rọra bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn tí wọ́n nà yẹn ò gbàdúrà ni?" Èsì tí mo gbà ni pé kí n lọ tún ọkàn mi ṣe. Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì dáhùn ìbéèrè mi.

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó pè mí ní kèfèrí: n ò ní kí eléré ìdárayá kankan má gbàdúrà, n ò sì ní kó má dúpẹ́. Ẹni tó bá wù kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pápá, kó dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni ìgbàgbọ́ pé àdúrà ló ń pinnu ẹni tó máa borí, pé Ọlọ́run wo ikọ̀ méjèèjì, ó mú ọ̀kan, ó ti èkejì dànù. Ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

Gbohùngbohùn àwọn oníròyìn ló kọ́kọ́ ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹnu ta ni wọ́n ń gbé e sí? Ẹnu ẹni tó borí. Èèyàn mẹ́jọ lè sá àṣekágbá eré, kí púpọ̀ nínú wọn ti gbàdúrà kí ìbọn tó dún, ẹnì kan ṣoṣo náà ni yóò dúró níwájú kámẹ́rà tí yóò ní "Ọlọ́run ló ṣe é." Àwọn tó kù ti gbé báàgì wọn, wọ́n ti ń wá bọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ àdúrà ẹni tó borí nìkan la ó máa kà, báwo ni àdúrà ò ṣe ní máa gbà nígbà gbogbo?

Ẹnì kan tí mo mọ̀ tó gbé ìgbàgbọ́ yìí dé ibi tó yẹ kó dé ni Steve Johnson, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń fọwọ́ mú, fún Buffalo Bills. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, bọ́ọ̀lù tí ì bá fi na Pittsburgh Steelers já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àfikún àkókò, wọ́n sì pàdánù. Ó bọ́ sórí Twitter, ó ń bi Ọlọ́run léèrè pé òun ń yìn ín tọ̀sán-tòru, ṣé ohun tó máa fi san án fún òun nìyí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín o. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ń bá wọn mú bọ́ọ̀lù, Òun náà ló jẹ́ kó bọ́.

Tim Tebow, tí òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, ńkọ́? Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2012, òun àti Denver Broncos na Steelers yìí kan náà, 29 sí 23. Yáàdì 316 ni wọ́n kà fún bọ́ọ̀lù tó jù lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mọ Bíbélì ti mọ ibi tí mò ń lọ: Jòhánù 3:16, ẹsẹ tí Tebow fi kun abẹ́ ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì. Ariwo sọ! Wọ́n ní àmì látọ̀run ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí New England Patriots fi 45 sí 10 lù wọ́n bolẹ̀. N ò tíì rí ẹni tó wá ẹsẹ Bíbélì tó bá 45 sí 10 mu.

Roberto Baggio, agbábọ́ọ̀lù Ítálì, ni wọ́n sì máa ń fà yọ jù fún wa. Ẹlẹ́sìn Búdà ni. Ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994, ó gbá pẹ́náritì kọjá lókè òpó, Brazil gba ife. Taffarel tó ṣọ́lé fún Brazil sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì paraku. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù pé Jésù ló na Búdà lọ́jọ́ náà. Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ rántí bí Baggio ṣe dé àṣekágbá? Nàìjíríà ń fi 1 sí 0 na Ítálì, ó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé, ẹni mẹ́wàá péré ló kù fún Ítálì lórí pápá nítorí wọ́n ti lé Zola jáde. Baggio yìí ló gbá a wọlé. Òun náà ló tún fi pẹ́náritì parí rẹ̀ ní àfikún àkókò. Ṣé a ò gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn ni? Kìrìsìtẹ́nì gbà, Mùsùlùmí gbà, àwọn tí kì í gbà tẹ́lẹ̀ gan-an gbà. Ó tún lọ na Spain, ó lọ na Bulgaria. Ṣé Búdà ló bá a ṣe é títí dé àṣekágbá ni, tí Jésù wá ń dúró de pẹ́náritì?

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ṣì jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, onígbàgbọ́ á sì kó tirẹ̀ wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dá mi lójú jù ni ti àwọn tó ń ṣòfin eré ìdárayá. Ohunkóhun tó bá lè ran eléré lọ́wọ́ bó ti wù kó kéré mọ, wọ́n ń wá a rí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo atẹ́gùn. Nínú eré ìje kúkúrú àti fífò jìnnà, tí atẹ́gùn tó ń ti eléré láti ẹ̀yìn bá ti ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọn ò ní ka eré náà mọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ní ìdíje àgbáyé ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, Tobi Amusan sá mítà 100 tí wọ́n ti ń fo ìdènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó sì di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Nígbà tó dé àṣekágbá, ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, 12.06, wọn ò kà á. Kí ló dé? Atẹ́gùn tó fẹ́ jẹ́ 2.5. Ìdajì mítà péré ló fi ju òfin lọ, ẹ̀rọ sì rí i.

Ẹ wo aṣọ. Ní ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé ní Róòmù lọ́dún 2009, àkọsílẹ̀ àgbáyé 43 ló fọ́ ní ìdíje kan ṣoṣo. Mẹ́tàlélógójì! Aṣọ oníke tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀, ó ń fún ara mọ́ra, ó sì ń gbé wọn léfòó. Nígbà tó di ọdún 2010, wọ́n fòfin dè é, ìyára náà sì rọlẹ̀. Tó bá jẹ́ àdúrà ni, ọdún 2009 ni kí gbogbo wa máa fi ṣe àpẹẹrẹ ìsọjí.

Ẹ wo òkè. La Paz tó wà ní Bolivia ga tó nǹkan bíi mítà 3,600, èémí ò tó fún ẹni tí ara rẹ̀ ò mọ́ ọn. Ní oṣù keje ọdún 1993, Bolivia na Brazil níbẹ̀, 2 sí 0, Brazil tó máa gba ife àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní oṣù kẹjọ ní Recife, létí òkun, 6 sí 0 ni Brazil fi dá a padà fún wọn. Ṣé oṣù kan ni Ọlọ́run fi ṣe ti Bolivia? Maradona, ẹni tó pe góòlù tó fọwọ́ gbá sínú àwọ̀n England lọ́dún 1986 ní ọwọ́ Ọlọ́run, ló kó Argentina lọ sí La Paz gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2009. Messi wà nínú ikọ̀ náà. Bolivia nà wọ́n ní 6 sí 1.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àkókò kòrónà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ikọ̀ tó bá gbá bọ́ọ̀lù nílé máa ń borí ju àlejò lọ. Onígbàgbọ́ á ní àdúrà àwọn olólùfẹ́ wọn ni. Ní sáà 2020 sí 2021, wọ́n gbá ọ̀pọ̀ jù lọ ìdíje Premier League nínú pápá tó ṣófo. Àlejò borí ju onílé lọ ní sáà náà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti dá Premier League sílẹ̀. Wọn ò kúkú ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà nínú yàrá rẹ̀. Ariwo tó ń kó sí rẹfirí lórí ló dákẹ́.

Ní báyìí, ẹ wá bá mi wo ìwé òfin eré ìdárayá èyíkéyìí tó bá wù yín. Wọ́n ti ka oògùn síbẹ̀, wọ́n ka atẹ́gùn, wọ́n ka bí ìtẹ́lẹ̀ bàtà ṣe nípọn tó. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti fòfin de ìṣọ́ òru. Bó bá jẹ́ pé àdúrà ń dín eré mítà 100 kù ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, wọn ì bá ti rí i tipẹ́, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ì bá sì ti máa ná owó rẹpẹtẹ lórí wòlíì bí wọ́n ṣe ń ná an lórí agbábọ́ọ̀lù. Orílẹ̀-èdè China, tí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso rẹ̀ kò gba ẹ̀sìn láàyè fún ọmọ ẹgbẹ́, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà 40 ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024. Nàìjíríà, àwa aládùúrà, ò mú ẹyọ kan bọ̀, wúrà, fàdákà tàbí bàbà.

Jonathan Edwards ni n ò lè fi sílẹ̀. Ọmọ England ni, ọmọ àlùfáà ni, fífò onígbésẹ̀ mẹ́ta sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà kan, kì í díje lọ́jọ́ Àìkú. Nítorí èyí ni kò fi kópa nínú ìdíje àgbáyé ọdún 1991 ní Tokyo. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó yí èrò padà, ó ń díje lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé Ọlọ́run bínú sí i? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, ní Gothenburg, ó fo mítà 18.16, ó tún padà wá, ó fo 18.29. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àkọsílẹ̀ àgbáyé náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó ń lọ sí Òlíńpíìkì Sydney ọdún 2000, ó fi agolo sadíìnì sínú báàgì rẹ̀, ìrántí ẹja tí Jésù fi bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn. Ó gba wúrà. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni ì bá máa fi ṣe ẹ̀rí.

Nígbà tó wá di ọdún 2007, ó jáde, ó ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ó ní nígbà tí òun bojú wẹ̀yìn, òun rí i pé ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ń kọ́ eléré ni ìgbàgbọ́ yẹn ṣe fún òun, orúkọ ló yàtọ̀. Ìyẹn nìkan náà ni mo lè gbà fún wọn: àdúrà lè mú kí àyà ẹni balẹ̀, àyà tó balẹ̀ sì lè fò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbà á ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀; kò kan alátakò, kò kan bọ́ọ̀lù.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni kí ẹni tó fìdí rẹmi fìdí rẹmi. Tí ó bá borí, Ọlọ́run ni. Tí kò bá borí, Ọlọ́run náà ni. Wọ́n á ní Holyfield, abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò nì, fi orúkọ Jésù na Tyson lọ́dún 1996; tí mo bá ní Lennox Lewis wá na Holyfield lọ́dún 1999, wọ́n á ní Ọlọ́run ń dán an wò ni. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ò ṣeé bá jiyàn, n ò sì ní jókòó tì í.

Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù o. Mo ṣọ́lé fún ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Mo gba pẹ́náritì kan mú lọ́jọ́ kan, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ya bo pápá, "Ọlọ́run ló ṣe é!" Mo ti ń ṣọ́ ọmọ tó gbá a láti ìgbà tí wọ́n ti ń nara kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń gbá a sí. Mo rí ẹsẹ̀ yẹn, mo fò. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo rí.

Nígbà tó wá kan ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, kóòṣì wa pàṣẹ ààwẹ̀. Ọ̀sán gangan la gbá bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tí a fi máa dé abala kejì, òòyì ti ń kọ́ àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa, wọn ò lè sáré padà mọ́. Wọ́n nà wá ní 2 sí 0. Kóòṣì tò wá lẹ́yìn ìdíje náà, ó ní kí ẹni tó jẹun ní kọ̀rọ̀ jẹ́wọ́. Wọ́n di ẹ̀bi náà ru ọmọ kan tó ń gbá apá òsì, nítorí ẹnì kan ní òun rí i tó ń mu omi. Ọmọ náà ò bá wa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí a fi jáde. Bẹ́ẹ̀, kọ́nà ni góòlù méjèèjì ti wá, láti igun kan náà, ọmọ gíga kan ṣoṣo ló sì fi orí kàn wọ́n wọlé. Kò sẹ́ni tó mú un nígbà àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó mú un nígbà kejì. Kóòṣì ò sì sọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀.