Ẹ yé sọ pé àwọn Faransé kórìíra àwa ará Amẹ́ríkà

Fídíò kan ń kiri láti bí ọjọ́ mélòó kan, bóyá ẹ ti rí i. Ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó wá ṣe olùrànlọ́wọ́ èdè nílẹ̀ Faransé bíi tèmi ló gbé fóònù síwájú, tó ń sunkún pé àwọn Faransé kórìíra òun. Ó ní ìyá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò kò rẹ́rìn-ín sí òun rí. Ó ní àwọn olùkọ́ níléèwé òun kò yé da ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀rọ̀ Trump bo òun, bí ẹni pé òun nìkan ló dìbò. Àìmọye èèyàn ló ti dá sí i, tí wọ́n ń sọ pé òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ṣe rí. Inú bí mi gan-an. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Kí á kọ́kọ́ mú ti oníbúrẹ́dì kúrò nílẹ̀. Ẹni tí Yorùbá bá tọ́ kò yẹ kó bá mi jiyàn lórí èyí. Nílẹ̀ Faransé, bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, o ní láti kọ́kọ́ kí i: "Bonjour, madame." Ìgbà tó bá dá ọ lóhùn lo tó máa sọ ohun tí o fẹ́ rà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ dé láti Amẹ́ríkà a kàn wọlé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á nàka sí búrẹ́dì. Ìyá aláta ní ọjà Bódìjà náà yóò fajú ro sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọlé tọ̀ ọ́, wọn ò kí i. Ó parí.

Ti òṣèlú ló gba àlàyé. Òótọ́ ni pé àwọn Faransé máa ń bá ará Amẹ́ríkà jiyàn, wọ́n sì máa ń jà á kíkan. Ní 1966, de Gaulle, ààrẹ Faransé nígbà náà, yọ àwọn ọmọ ogun Faransé kúrò lábẹ́ àṣẹ NATO, àjọ ológun tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì ní kí àwọn sójà Amẹ́ríkà kó ẹrù wọn kúrò nílẹ̀ òun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2003, Dominique de Villepin, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Faransé, tako ogun tí Amẹ́ríkà fẹ́ gbé lọ sí Ìráàkì ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lójú gbogbo ayé. Inú bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà débi pé wọ́n yí orúkọ ọ̀dùnkún díndín, "French fries", padà nínú ilé oúnjẹ wọn, kí orúkọ Faransé má bàa wà lára rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wó ilé gogoro méjèèjì ní New York lọ́dún 2001, Le Monde, ìwé ìròyìn àwọn Faransé kan náà, ló kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wa. Ìjà ọmọ ìyá méjì tó ń dupò àkọ́bí ni mo ka èyí sí. Ọ̀kan dìtẹ̀ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1776, èkejì dìde sí ọba tirẹ̀ ní 1789, oníkálukú sì gbà pé òun lòun kọ́ ayé ní òmìnira. Ẹni tí àwọn Faransé bá ń bá jiyàn báyìí, wọ́n ti kà á sí ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Ẹni tí wọn ò kà sí, kò sẹ́ni tó ń béèrè èrò rẹ̀.

Ohun tí mo rí níléèwé mi ló jẹ́ kí n mọ̀.

Ìlú kékeré kan lápá àríwá ni mo wà, kò jìnnà sí Amiens. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Houston ni mo dàgbà sí, páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni mo gbé wá. Àwa tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni ètò olùrànlọ́wọ́ èdè yìí ń kó wá láti Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá títí di òpin oṣù kẹrin. Wákàtí 12 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ sì ń lọ sí bí 800 yúrò lóṣù. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lọ́wọ́ wa. Kí á ṣáà máa sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn ọmọ, kí wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ yàrá àwọn olùkọ́, kò sẹ́ni tó wojú mi. Mo kí wọn, àwọn bíi mélòó kan dáhùn, wọ́n sì padà sídìí kọfí wọn. Obìnrin kan wá bi mí bóyá èmi ni ẹni tuntun tí yóò máa ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ àwọn ọmọ. Mo ní rárá, olùrànlọ́wọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí, láti Texas ni mo ti wá. Ojú gbogbo wọn là lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan fa àga fún mi, ẹnì kan bu kọfí wá, ẹnì kan ti lọ sí New York rí, ẹnì kan búra pé òun ò ní í débẹ̀ láéláé nítorí ìbọn. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí aláìsàn fi ń jẹ gbèsè lórílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìtàn gbé ọ̀rọ̀ Ìráàkì dé, ó ń bá mi fà á bí ẹni pé èmi ni mo kéde ogun náà, ọmọdé sì ni mí nígbà yẹn. Èdè Faransé mi ń ta kókó, wọ́n ní ó dùn ún gbọ́, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ohùn yẹn kúrò lẹ́nu mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ti fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onídùúró mi lọ́dọ̀ onílé, akọ̀wé ilé ìwé sì ti fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé mi lọ sí báńkì.

Ọkùnrin dúdú kan wà ní igun yàrá yẹn lọ́jọ́ náà, ó ń maàkì ìwé. Kò bá wọn dìde. Ìgbà tí wọ́n túká ló gbójú sókè. Ó ti gbọ́ orúkọ mi. Ó ní, "Káàbọ̀ o, àbúrò." Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ìlú tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ló ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n gba oyè másítà nínú ìṣirò. Olùkọ́ ìṣirò kò tó nílẹ̀ Faransé, pàápàá láwọn ìlú bíi tiwa, ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, bí oṣù kẹfà bá sì ti ń sún mọ́lé, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé lẹ́tà wá bá a kó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Síbẹ̀, etí mi yìí ni mo fi gbọ́ tí òbí ọmọ kan ń yìn ín pé ó ń sọ Faransé dáadáa. Ó dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè nípa Ìráàkì. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè nípa Macron, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ìjọba Faransé ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá ó ń lọ sílé fún ìsinmi, àti bóyá oòrùn ń mú níbẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ fẹ́ tán, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kó ti gba ọjọ́ tó máa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Kò sí àyè. Òru ló ń jí láti wò ó bóyá àyè ti ṣí, kó tó wá kọ́ àwọn ọmọ ní àárọ̀. Nígbà tó rí ọjọ́ gbà, ó bẹ ọ̀gá kí wọ́n bá òun yí kíláàsì kan padà. Ọ̀gá ní òun á rò ó, àti pé ó yẹ kó tètè sọ. Mo wà níbẹ̀. Ojú tì mí, nítorí ọ̀gá kan náà ló fún mi ní odindi ọjọ́ kan láìbéèrè nǹkan kan, kí n lè sáré ìwé tèmi. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá kò dùn ún. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ, àlejò ni wọ́n kà ọ́ sí. Èmi, wọ́n rò pé mo wá gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ni."

Ẹ wá fi ẹni yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sunkún nínú fídíò, nítorí oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé ìwé kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ti òní. Ní 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà 369th, àwọn ọmọ dúdú láti Harlem ní New York, ni àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí wọ́n bá aláwọ̀ funfun jà pọ̀, ni wọ́n bá fi wọ́n fún àwọn Faransé. Àwọn Faransé jà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ Croix de Guerre dá wọn lọ́lá. Josephine Baker, obìnrin dúdú tó jẹ́ oníjó àti olórin, dé Paris láti Amẹ́ríkà ní 1925, wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀, ní 2021 wọ́n fi í sínú Panthéon, ilé tí wọ́n ti ń bu ọlá fún òkú, láàárín àwọn ẹni ńlá wọn. Ó tọ́ sí i, mi ò sọ pé kò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn sójà Áfíríkà tó ti jà fún Faransé, tí àwọn Jámánì ti dè mọ́lẹ̀ nítorí Faransé, kìkì nítorí pé wọ́n béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ Dahomey, ilẹ̀ Ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Benin báyìí, wà lára àwọn sójà tó wà níbẹ̀. Ó di 2024, lẹ́yìn 80 ọdún, kí ààrẹ Faransé tó jẹ́wọ́ pé ìpakúpa ni.

Ní 2019, ìjọba sọ owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ará Yúróòpù di 2,770 yúrò lọ́dún fún oyè àkọ́kọ́, àti 3,770 fún másítà. 170 àti 243 ni tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń san án, àti pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ń yọ̀ǹda àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú àfikún owó náà. Mo ti gbọ́. Lójú ọmọ Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni 2,770 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí yunifásítì ń gbà nílé. Lójú ọmọ Parakou ní Benin, gbogbo ẹbí ló máa jókòó ṣèpàdé lórí owó yẹn. Nígbà tó sì di 2025, tí Trump dojú kọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, yunifásítì Aix-Marseille ya 15 mílíọ̀nù yúrò sọ́tọ̀ láti gbà wọ́n sílé. Ní oṣù karùn-ún, Macron dúró ní Sorbonne, yunifásítì àtijọ́ ní Paris, ó ṣèlérí 100 mílíọ̀nù sí i. Ìkórìíra wo ló ń náwó bẹ́ẹ̀ lé èèyàn lórí?

Ohun tí mi ò wá lè yanjú ni ti àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwọn tí òbí wọn wá láti Màlì, Kóńgò àti Alùgèríà pọ̀ nínú wọn. Wọ́n fẹ́ràn mi gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn iṣẹ́. Amiens ni wọ́n bí i sí, kò mọ ilẹ̀ míì. Ó ní òun fẹ́ lọ máa gbé ní Amẹ́ríkà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Madame, níbẹ̀ ni wọ́n ti máa pè mí ní ọmọ Faransé."

Mi ò lè sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sì lè sọ fún un pé kó máa lọ, nítorí mo mọ ohun tí ojú ọmọ dúdú ń rí ní Texas. Ilé ìwé ti ní kí n kọ̀wé láti padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n náà sì ní kí n má lọ. Mi ò mọ̀ bóyá bí mo ṣe ń dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn ń fún wọn lágbára, tàbí ó ń kọ́ wọn pé ẹni dúdú gbọ́dọ̀ gba Amẹ́ríkà kọjá kí àwọn Faransé tó lè bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún àwọn ọmọ tiyín?