Irọ́ ni pé òyìnbó ló kọ́ àwọn baba wa ní ìfẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ níbi ìgbéyàwó, lórí rédíò, àti lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé dáadáa: pé nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, kò sí ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n á ní òbí ló ń yan ìyàwó fọ́mọ, pé torí oko àti ọmọ bíbí ni wọ́n ṣe ń gbéyàwó, pé ìgbà tí òyìnbó kó ìwé àti sinimá dé ni àwọn èèyàn wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ olólùfẹ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Kì í ṣe òótọ́, àwọn òkú tí kò lè fèsì mọ́ ni wọ́n sì ń sọ ọ́ mọ́.

Díẹ̀ tó jóòótọ́ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n ń fi ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì ṣàdéhùn fún ọkọ. Wọ́n ń ṣú opó fún àbúrò olóògbé. Ìyà jẹ ọ̀pọ̀ obìnrin nínú ètò yẹn, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹbí ṣe ń ṣètò ìgbéyàwó lọ́tọ̀, ohun tí ọkàn ń ṣe lọ́tọ̀. Àwọn ọba àti ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé náà fi ọmọ fún ara wọn nítorí ilẹ̀ àti oyè fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọn ò mọ ìfẹ́.

Ẹ wo àròkò. Owó ẹyọ ni àwọn èèyàn wa ń sín sókùn láti fi ránṣẹ́ síra wọn, àwọn tó rí i ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọkàn ọkùnrin bá wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan, owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ọmọbìnrin lára, mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn. Ẹ̀jọ: bó ṣe ń ṣe ọ́ ló ń ṣe mí, ọ̀rọ̀ wa jọra. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn, ìfẹ́ àti ìpàdé ni. Èyí tó kẹ̀yìn síra wọn, ìjà àti ìkọ̀sílẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àròkò kì í ṣe ohun tí ẹnì kan jí hùmọ̀ láàárọ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi rán, ẹni tó gbà á, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwùjọ tí kò mọ ìfẹ́ kò ní ṣe òǹkà fún un. Ohun tó sì wú mi lórí jù ni mẹ́jọ yẹn: ọkùnrin ń dúró de èsì. Bí mẹ́jọ kò bá dé, ó ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Nínú ètò ìgbéyàwó gan-an náà, lẹ́yìn ìfojúsóde, lẹ́yìn tí alárinà bá ti rìn títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ìṣíhùn wà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìjọ́hẹn. Ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ṣí ohùn, kó ní "hẹn". Mo mọ̀ pé wọ́n fipá gba "hẹn" yẹn lẹ́nu àwọn kan. Síbẹ̀, wọn kì bá tí fún un lórúkọ bí wọn ò bá kà á sí nǹkan kan.

Níbo wá ni èrò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìfẹ́ ti wá? Apá kan rẹ̀ wá láti inú ìwé. C. S. Lewis, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ lọ́dún 1936 pé àwọn akéwì gúúsù ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ irú ìfẹ́ yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé Faransé ló dá ìfẹ́ sílẹ̀, àwa tá a jìnnà sí wọn ńkọ́? Ṣùgbọ́n lọ́dún 1992, William Jankowiak àti Edward Fischer, àwọn onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, yẹ àkọsílẹ̀ nípa àwùjọ 166 káàkiri ayé wò. Nínú 147 lára wọn ni wọ́n ti rí àmì ìfẹ́ láàárín olólùfẹ́. Nínú àwọn tó kù, ohun tí wọ́n sọ ni pé àkọsílẹ̀ kò tó. Wọn ò sọ pé ìfẹ́ kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Àwọn àgbà kì í sá sọ ọ́ jáde." Bóyá lóòótọ́ ni wọn kì í sọ "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" lójú ara wọn bí a ti ń sọ ọ́ lónìí. Ẹ fetí sí oríkì tí wọ́n ń pe obìnrin: Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́. Ẹni tí a ń du láti kẹ́. Ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí kẹ́. Wọ́n ti fi ìkẹ́ sínú orúkọ. Ẹni tó bá ń pe Àdùkẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ ti sọ ọ́.

Kódà nínú Ifá, ibi tí a ti ń wá ìtumọ̀ ayé, ìtàn tọkọtaya ni àwọn baba wa fi sọ ọ́. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà, Ìwà sì jẹ́ ọ̀bùn. Ó lé e jáde. Lẹ́yìn tí Ìwà lọ, ilé Ọ̀rúnmìlà dà rú, iyì rẹ̀ lọ, ló bá bọ́ sọ́nà, ó ń ti ilé kan dé òmíràn, ó ń kọrin pé bí a bá lówó tí a kò níwà, owó olówó ni; ìwà, ìwà là ń wá. Gbogbo ènìyàn ń fi orin yìí kìlọ̀ fọ́mọ pé kó níwà rere, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti gbàgbé pé ọkọ tó ń wá ìyàwó tó sọnù ló ń kọ ọ́. Baba tó mọ̀ràn jù lọ nínú òrìṣà ni wọ́n fi sójú títì bẹ́ẹ̀, tó ń bi ará ilé onílé bóyá wọ́n bá òun rí aya òun.

Baba mi àgbà kò pe ìyá àgbà ní nǹkan mìíràn ju Àbẹ̀kẹ́ lọ. Ọjọ́ tó bá bínú nìkan ló ń pè é ní "ìyá àwọn ọmọ", gbogbo ilé á sì ti mọ̀ pé nǹkan ṣe. Lẹ́yìn tí baba kú, àbúrò mi kan pe ìyá àgbà ní Àbẹ̀kẹ́ láti fi dá a lára yá. Ìyá gbé àwo tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní ká má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹni tó ni ín ti lọ.